Àkọsílẹ̀ ìlera orí kọ̀ǹpútà: Kó dé abúlé, ṣùgbọ́n kí káàdì má kúrò lọ́wọ́ aláìsàn

Ìlera loògùn ọrọ̀, Yorùbá ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn abúlé oko àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, láti Akínyẹlé dé Lágelú, láti Ẹgbẹ́dá dé Ọ̀nà Àrà, inú náílọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni ìtàn ìlera ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wà. Inú rẹ̀ ni káàdì ilé ìwòsàn wà, òun àti èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìwé tí dókítà kọ oògùn sí àti páálí oògùn tó ti ṣófo. Àwọn kan ń tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí, àwọn kan ń fi í há àjà, àwọn mìíràn ń kó o sínú àpótí aṣọ. Bí òrùlé bá jò, bí eku bá wọlé, tàbí bí ikán bá gba ìdí àpótí wọlé, àkọsílẹ̀ àìsàn ọdún mẹ́wàá lè pòórá lóru ọjọ́ kan.

Náílọ́ọ̀nù yìí ni ìjọba fẹ́ fi kọ̀ǹpútà rọ́pò. Láti ọdún 2024 ni iléeṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ ti gbé ètò kan kalẹ̀ láti mú àkọsílẹ̀ ìlera kúrò nínú ìwé bọ́ sórí ẹ̀rọ jákèjádò Nàìjíríà. Bí ètò náà bá délé dóko, ohun tí nọ́ọ̀sì bá kọ nípa aláìsàn ní Lálùpọn ni dókítà yóò lè rí ní ìgboro Ìbàdàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí kọ̀ǹpútà tó wọ ilé ìwòsàn abúlé, ó yẹ kí wọ́n wo abúlé náà dáadáa, kí wọ́n mọ irú èèyàn tó ń gbé níbẹ̀ àti irú àkọsílẹ̀ tí yóò bá wọn mu.

Ilé méjì, ara kan

Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ló ní ilé méjì. Agboolé bàbá wọn wà ní ìgboro, oko wọn sì wà lábúlé. Nígbà tí iṣẹ́ kòkó tàbí ẹ̀gẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́, wọ́n lè pẹ́ lóko fún oṣù méjì mẹ́ta. Bí ọdún Iléyá tàbí ọdún Kérésì bá dé, tàbí bí ìnáwó bá ṣẹlẹ̀ nílé, wọ́n á padà sí ìgboro. Ibi tí àìsàn bá ká wọn mọ́ ni wọ́n ti ń gba ìtọ́jú. Ìdí nìyí tí èèyàn kan ṣoṣo fi lè ní káàdì ní ilé ìwòsàn alábọ́dé ní abúlé, kó ní òmíràn ní Adéọ̀yọ́, kó tún ní fáìlì ní UCH, tí ọ̀kan nínú wọn kò sì mọ ohun tó wà nínú èkejì.

Ẹni tó bá fẹ́ àpẹẹrẹ, kó ronú nípa ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbé abúlé lẹ́yìn Ẹ̀rúnmu. Nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí rẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ó sì ti fi í sórí oògùn. Ìyá lọ síbi ìkómọjáde ní ìgboro, òòyì kọ́ ọ, wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà bi í pé, "Ìyá, oògùn wo lẹ ń lò?" Ìyá dáhùn pé, "Oògùn funfun kékeré kan ni, dókítà. Àràárọ̀ ni mo máa ń lò ó."

Oògùn funfun kékeré pọ̀ lọ jàra. Bóyá ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni, bóyá ti ìtọ̀ ṣúgà ni, bóyá ti ara ríro lásán ni, dókítà kò lè mọ̀. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti ìbẹ̀rẹ̀, owó á sì tún jáde lápò àwọn ọmọ. Èyí tó léwu jù ni pé wọ́n lè fún un ní oògùn tí kò bá èyí tó ti ń lò rẹ́, tàbí èyí tí ara rẹ̀ kì í gbà.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ aláboyún tó ti fi iṣẹ́ abẹ bímọ rí. Bí ìrọbí bá mú un lóru ní ọ̀nà Àkànrán, tí ọkọ rẹ̀ fi ìpayà gbé e sórí ọ̀kadà, tí káàdì sì wà nílé, ẹni tó fẹ́ gbẹ̀bí rẹ̀ ní láti mọ̀ pé àpá iṣẹ́ abẹ wà lára ilé ọmọ rẹ̀. Àpá yẹn lè ya nígbà ìrọbí, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà sínú. Bí wọ́n bá tètè mọ̀, wọ́n á tètè gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Bí wọn kò bá mọ̀, ìyá àti ọmọ lè bá a lọ.

Ibi tí kọ̀ǹpútà ti wúlò gan-an nìyí. Ilé lè jẹ́ méjì, ilé ìwòsàn lè jẹ́ mẹ́ta, ara kan ṣoṣo ni aláìsàn ní. Ó yẹ kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, kó sì máa bá a lọ síbikíbi tó bá lọ.

Ẹ̀rọ mọ iye, kò mọ ẹni

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé kọ̀ǹpútà ti wọ ètò ìlera abúlé tipẹ́. Ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, oríṣiríṣi ìwé ńlá ni nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń kọ orúkọ sí: ti aláboyún lọ́tọ̀, ti abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́tọ̀, ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí lọ́tọ̀, ti àwọn tó wá gba oògùn ibà lọ́tọ̀. Bí oṣù bá parí, wọ́n á ka gbogbo rẹ̀, wọ́n á fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ sínú ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní DHIS2, èyí tí ìjọba àpapọ̀ fi ń mọ bí àìsàn àti ìtọ́jú ṣe ń lọ káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ṣùgbọ́n iye ni ètò yìí mọ̀, kò mọ ẹni. Ó lè sọ iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ ní Lágelú lóṣù tó kọjá. Kò lè sọ pé ọmọ Ìyá Ṣadé kò padà wá gba ẹ̀ẹ̀kejì. Ó lè sọ iye àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru ní Akínyẹlé. Kò lè sọ pé Bàbá Ṣẹ́gun ti pa oògùn tì láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn nítorí pé ara tù ú. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì nítorí pé ara tù ú ni rọpárọsẹ̀ máa ń bá lójijì lóko.

Àkọsílẹ̀ tó mọ ẹni kọ̀ọ̀kan lórúkọ ló lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ á kó orúkọ àwọn tí ọjọ́ wọn pé tí wọn kò wá jáde, òṣìṣẹ́ ìlera á sì wá wọn lọ sílé tàbí kó tẹ̀ wọ́n láago.

Orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà ti gbìyànjú rẹ̀ wò ní ìgbèríko. Ní ilé ìwòsàn kan tó wà ní Mosoriot, ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2001. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2003 sọ pé àkókò tí aláìsàn ń lò níbẹ̀ dín kù ní ìdá 22 nínú 100. Àgbẹ̀ tó bá ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ di ọ̀sán, tí koríko sì ń bá iṣu rẹ̀ dù ú lóko, mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Láti ara iṣẹ́ yẹn ni ètò kọ̀ǹpútà OpenMRS ti jáde ní ọdún 2004. Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ní kòkòrò HIV ní Nàìjíríà ló sì ń lo èyí tí wọ́n tún ṣe láti ara rẹ̀.

Ilé-Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rí

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé iṣẹ́ yìí ju agbára ọmọ Nàìjíríà lọ. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ńlá yunifásítì náà ti pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú Yunifásítì Kuopio ní orílẹ̀-èdè Finland. Wọ́n ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, wọ́n sì pè é ní MINPHIS. Ara ohun tí orúkọ náà dúró fún ni pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é. Nígbà tó yá, àwọn ilé ìwòsàn ńlá mìíràn náà mú un lò.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ìwé àti bíírò ni wọ́n ṣì fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn abúlé tí kò ju ìrìn wákàtí méjì sí Ilé-Ifẹ̀ lọ nínú mọ́tò. Ọpọlọ kọ́ ló wọ́n. Ohun tó wọ́n ni iná, owó àtúnṣe, àti ẹni tí yóò dúró ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí àwọn tó wá ṣí i bá ti ya fọ́tò tán tí wọ́n sì ti lọ. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé rírà kọ̀ǹpútà kọ́ ni iṣẹ́, kí kọ̀ǹpútà náà ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ́dún kẹta ni iṣẹ́.

Iná ńkọ́?

UCH ni àgbà ilé ìwòsàn tí gbogbo àyíká Ìbàdàn ń gbójú lé, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i ní oṣù kọkànlá ọdún 1957. Síbẹ̀, láti ìparí ọdún 2024 wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni ilé ìwòsàn náà fi wà láìní iná ìjọba, nítorí ọ̀rọ̀ gbèsè owó iná. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí UCH, ó yẹ kí àwọn tó fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Ìkéréku tàbí Àkànrán ronú jinlẹ̀.

Àléébù àkọ́kọ́ nìyí. Ìwé kò bẹ̀bẹ̀ fún iná. Nọ́ọ̀sì lè fi àtùpà tàbí tọ́ọ̀ṣì kà á lóru. Ṣùgbọ́n bí bátìrì kọ̀ǹpútà bá ti kú, aláìsàn á wà níwájú nọ́ọ̀sì, ìtàn àìsàn rẹ̀ á wà nínú ẹ̀rọ tí kò lè sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọọ̀kì náà tún wà ńlẹ̀. Àwọn abúlé kan wà tí èèyàn ní láti dúró sábẹ́ igi kan pàtó, tàbí kó rìn dé ojú títì, kí fóònù tó gbé. Ètò tó bá jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ti lè ṣiṣẹ́ kò lè dúró níbẹ̀. Èyí tó bá máa dúró ni èyí tó lè tọ́jú ohun tí wọ́n kọ sínú ara rẹ̀, tó máa fi ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọọ̀kì bá dé, tó sì ń lo iná oòrùn.

Kò tán síbẹ̀. Kódà níbi tí iná kì í ti í ṣẹ́jú, ẹ̀rọ lè dákẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tú ohun búburú kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry sínú kọ̀ǹpútà káàkiri àgbáyé. Ó dí iṣẹ́ lọ́wọ́ ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn àjọ tó ń bójú tó ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ní láti sún ọjọ́ ìtọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn síwájú. Lọ́jọ́ náà, bíírò àti ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sí. Bí olówó bá ń tọ́jú bíírò de ọjọ́ ìṣòro, kí tálákà má sọ tirẹ̀ nù.

Orúkọ mélòó lèèyàn kan ń jẹ́?

Àléébù kejì wà nínú orúkọ. Kọ̀ǹpútà fẹ́ orúkọ kan, ọjọ́ ìbí kan, àdírẹ́sì kan. Ṣùgbọ́n ìyá àgbàlagbà kan lábúlé lè máa jẹ́ Ràfíátù ní mọ́ṣáláṣí, kó máa jẹ́ Àṣàkẹ́ lẹ́nu àwọn ẹbí rẹ̀, kí gbogbo àdúgbò sì máa pè é ní Ìyá Múfú. Bí nọ́ọ̀sì kan bá kọ Ràfíátù, tí èkejì kọ Àṣàkẹ́, èèyàn méjì nìyẹn lójú ẹ̀rọ. Oògùn á wà lábẹ́ orúkọ kan, èsì àyẹ̀wò á wà lábẹ́ èkejì. Ohun tí wọ́n sá fún nínú ìwé ló tún bá wọn nínú kọ̀ǹpútà yẹn.

Ọ̀pọ̀ àgbà ni kò mọ ọjọ́ ìbí wọn. Ogun Hítílà ni ìyá àwọn mìíràn fi ń ṣírò, àwọn kan ń fi ọdún tí wọ́n gba òmìnira ṣe àmì. Òṣìṣẹ́ tó ń kánjú á kàn tẹ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní fún gbogbo wọn.

Ti ìbejì tún wá le jù. Ilẹ̀ Yorùbá làwọn èèyàn mọ̀ káàkiri àgbáyé fún bíbí ìbejì, Ìgbò-Ọrà tó sì wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà yìí lókìkí rẹ̀ kàn jù. Ọjọ́ ìbí kan náà ni Táíwò àti Kẹ́hìndé ní, orúkọ bàbá kan náà, ilé kan náà, wọ́n sì lè máa lo nọ́ńbà fóònù ìyá wọn kan náà. Bí ara Táíwò kò bá gba abẹ́rẹ́ kan, tí òṣìṣẹ́ sì ṣèèṣì kọ ọ́ sábẹ́ Kẹ́hìndé, àṣìṣe orí ìwé á dúró síbi tí wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n àṣìṣe orí kọ̀ǹpútà á tẹ̀ lé ọmọ náà dé gbogbo ilé ìwòsàn tó bá lọ.

Àwọn kan lè sọ pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní NIN ti yanjú gbogbo èyí. Fún ẹni tó bá ní in, ó ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn abúlé ló ní in, àwọn tó sì ní in kì í mú un lọ sóko. Kò gbọdọ̀ di ìdí tí wọ́n á fi dá aláìsàn padà lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó dára ni kí òṣìṣẹ́ béèrè gbogbo orúkọ tí èèyàn ń jẹ́, orúkọ bàbá rẹ̀, abúlé rẹ̀ àti agboolé rẹ̀ ní ìgboro. Bí àwọn àgbà ṣe ń dá èèyàn mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn, ẹ̀rọ náà sì lè kọ́ ọ.

Ta ni yóò kà á?

Ní Àkànrán àti àyíká rẹ̀, àwọn àgbà kò gbàgbé ọdún 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde nítorí owó orí, tí orúkọ Táfá Adéoyè sì gba gbogbo ilẹ̀ kan. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ni akódà àti agbowó-orí ń wá kiri. Ìdí nìyí tí àgbàlagbà kan ṣe lè béèrè, bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ní kó wá tẹ ìka, pé kí ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ òun ṣe. Kì í ṣe àìmọ̀kan. Ìrírí ló ń sọ̀rọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ìlera tún wá ju ọ̀rọ̀ owó orí lọ. Inú fáìlì ni ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń wá ọmọ wà, ti ọkùnrin tó ní kòkòrò HIV, ti ọmọge tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá ti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ mu, àti ti ẹni tó ti ní àrùn ọpọlọ rí. Ní abúlé, òṣìṣẹ́ tó ń kọ orúkọ lè jẹ́ àna ẹni tó ń kọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Nínú ìwé, àṣírí ẹnì kan ló lè tú lẹ́ẹ̀kan. Nínú kọ̀ǹpútà, ti gbogbo ìlú lè tú lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Finland tó ran Ilé-Ifẹ̀ lọ́wọ́ náà ti jẹ ìyà yìí rí. Ní ọdún 2020, ìròyìn gbà á kan pé wọ́n ti jí àkọsílẹ̀ àwọn tó ń gba ìtọ́jú ọpọlọ àti ọkàn ní ilé ìtọ́jú kan tí wọ́n ń pè ní Vastaamo. Àwọn aláìsàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n. Ọ̀daràn náà kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé bí wọn kò bá sanwó, òun á tú àṣírí wọn síta. Wọ́n mú un, ilé ẹjọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n ní ọdún 2024, ṣùgbọ́n àṣírí tó ti jáde kò padà sílé mọ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Òfin wà ní Nàìjíríà. Òfin ètò ìlera ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, ó sì pàṣẹ fún ẹni tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn pé kó dènà ẹni tí kò ní àṣẹ láti rí àkọsílẹ̀. Òfin ààbò lórí ọ̀rọ̀ àdáni, tí wọ́n buwọ́ lù ní ọdún 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn ohun tó gba ìṣọ́ra jù lọ. Ó fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, àti láti ní kí wọ́n tún un ṣe bó bá jẹ́ irọ́. Òfin dára, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n, ẹni tí wọ́n sì ṣe é fún wà lóko.

Ó yẹ kí wọ́n sọ apá kejì pẹ̀lú. Ìwé kò mọ ẹni tó ṣí i. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lè ka fáìlì tán kó sì dá a padà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe dáadáa máa ń kọ orúkọ ẹni tó ṣí àkọsílẹ̀ sílẹ̀, òun àti ọjọ́ àti wákàtí tó ṣí i. Bí ẹnì kan bá wá ń yẹ fáìlì ìyàwó aládùúgbò rẹ̀ wò, ẹ̀rọ á sọ. Bí wọ́n bá lò ó bó ṣe yẹ, àṣírí lè wà láìléwu nínú ẹ̀rọ ju inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ.

Kí káàdì má kúrò lọ́wọ́ wọn

Nígbà tí èèyàn bá wo ibi tó dára àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó, ọ̀rọ̀ náà kò le. Kí kọ̀ǹpútà dé abúlé, nítorí pé ẹni tó ní ilé méjì nílò rẹ̀ ju ẹni tó ń gbé ojú kan lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má gba káàdì kúrò lọ́wọ́ aláìsàn.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lè sọ pé iṣẹ́ méjì nìyẹn, òótọ́ sì ni. Nọ́ọ̀sì kan tó ń dá tọ́jú ogójì èèyàn lójúmọ́ kò lè kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sínú ìwé kó tún tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Kò pọn dandan. Ohun tó yẹ kó wà lórí káàdì kò ju ìlà márùn-ún lọ: orúkọ àti nọ́ńbà aláìsàn, irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, àìsàn tó ń gba ìtọ́jú fún, oògùn tó ń lò, àti ohun tí ara rẹ̀ kì í gbà. Èyí tó bá jẹ́ àṣírí tí aláìsàn kò fẹ́ kí ará ilé rí, kó wà nínú ẹ̀rọ. Ìyókù kí ẹ̀rọ máa gbé e. Kì í sì í ṣe ohun àjèjì. Ní ọdún 2021, nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà dé, orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti forúkọ àwọn èèyàn sílẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fún ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ní káàdì tó ní àmì tí ẹ̀rọ lè kà. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣì ní tiwọn nínú náílọ́ọ̀nù dòní.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní tiwọn láti ṣe. Kí iná oòrùn ṣáájú kọ̀ǹpútà, kó má tẹ̀ lé e. Kí owó àtúnṣe wà nínú ìṣúná ọdọọdún. Kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ tó mọ èdè àti orúkọ àwọn ará àdúgbò, kí wọ́n sì kọ́ ọ níṣẹ́. Kí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ aláìsàn ní èdè Yorùbá sára ògiri ilé ìwòsàn, kí òṣìṣẹ́ sì kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé. Kí wọ́n sọ ọ́ ní gbangba, níwájú àwọn baálẹ̀, pé àkọsílẹ̀ ìlera kò ní di ìwé owó orí, kò ní di ti ọlọ́pàá, kò sì ní di ti olóṣèlú tó ń wá ìbò.

Kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ níwọ̀nba. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó sàn kí ètò náà dúró ṣinṣin ní ilé ìwòsàn kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọdún kan, ju kí wọ́n kó kọ̀ǹpútà sí gbogbo wọ́ọ̀dù mọ́kànléláàádọ́ta-lé-lọ́ọ̀ọ́dúnrún (351) tó wà ní ìpínlẹ̀ náà, kí eruku sì bò wọ́n kí ọdún tó yí po.

Bí wọ́n bá ṣe é báyìí, nígbà mìíràn tí òòyì bá kọ́ ìyá tó ti Ẹ̀rúnmu wá, dókítà kò ní máa wá oògùn funfun kékeré kiri. Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá wà, ẹ̀rọ á sọ fún un. Bí iná bá lọ, káàdì tó wà nínú náílọ́ọ̀nù ìyá á sọ fún un. Ìtọ́jú á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́gán.